Agolo Idẹ Tí Mo Ní Ó Yege

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 1985. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ní Muṣin: Ọ̀gá Ràímì tó ni ṣọ́ọ̀bù, Àṣàkẹ́ ìyàwó mi, àti èmi. Ọ̀gá Ràímì ń fi fáìlì ha ìdérí agolo kékeré kan. Kò gbójú sókè.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ káàárọ̀. Ẹni tí ẹ ní ẹ fẹ́ mú wá kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ó wà níta ni?"

Ìyàwó mi ní, "Àwọn rèé."

Ọ̀gá Ràímì wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Ó tún wò mí.

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn tó dúró yìí. Ọkọ mi ni."

Ó gbé fáìlì sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà. Òun kò tíì pé mẹ́rìndínlógójì.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ mú wá fún mi yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi kọ́ wọn."

"Tí mo bá bá wọn wí ńkọ́?"

"Ẹ bá wọn wí. Nílé, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe wọ iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan ní ilé tí mò ń gbé ní Ìpọ̀nrí ló ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n máa wá iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, tàbí kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí kí n tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tíṣà dọ́gba. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ohun tí mo bá rí ni màá kọ.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá ni mo wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa fi igi gbá ìdí korobá, kí n sì fetí sí ohùn rẹ̀. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á há. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, mo jókòó sílé oṣù mẹ́fà. Mo tú rédíò wa palẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́. Mo tú aago ògiri náà. Ọjọ́ tí mo sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Àṣàkẹ́ ló dìde, tó ní kí n wọ bàtà mi. Télọ̀ ni. Òun ló máa ń rán kóòtù fún àwọn onídán tí Ọ̀gá Ràímì ń ṣiṣẹ́ fún, pẹ̀lú àwọn àpò tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì í gbọ́. Idán tí mò ń wí kì í ṣe ti òògùn. Ọwọ́ ni, àti idẹ, àti sùúrù. Idán àtẹ́lẹwọ́ ni à ń pè é, èyí tí onídán ń ṣe lórí tábìlì, tí ojú olùwòran kò jìnnà ju ìnàwọ́ kan lọ sí ọwọ́ rẹ̀. Àwa là ń ṣe ohun kékeré tó ń lò: agolo tó ń gbé òrùka mì, owó ẹyọ tó ní ikùn, páálí ìṣáná tó ní yàrá méjì. Ṣíṣe é jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde ni ìdajì kejì, òun ni mo sì fi gbogbo ayé mi ṣe. Nígbà tí ìròyìn kàn ní ilé wa pé mò ń ṣiṣẹ́ idán, ẹni tó ń gbé yàrá iwájú mú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan wá bá mi. Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, kò ní kí ó pọ̀. Ẹ bá mi sọ ojú ìwé kan péré di náírà." Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fi náírà náà pamọ́ sínú àpò kóòtù ná.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ràímì pè mí jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó tó di ìjà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Nínú iṣẹ́ yìí, èmi ni mo lákìísà."

Kò pè mí ní "ìwọ" rí, títí mo fi fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. "Ẹ" ni ó fi ń bú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba idẹ yìí jẹ́ o. Orí yín kò pé lónìí, ẹ lọ fi omi tútù bọ́jú yín kí ẹ padà wá." Ẹni tí wọn kò bá fi ọ̀wọ̀ bú rí kò mọ bí ó ṣe ń wọni lára tó. Tó bá sọ ọ́ báyẹn, ènìyàn kò rí ibi bínú gbà.

Etí ló kọ́kọ́ fi ń yẹ nǹkan wò. Á kẹ̀yìn sí mi, á ní kí n ṣí agolo, kí n pa á dé. Tó bá gbọ́ "kẹ́" pẹ́nrẹ́n, á ní, "Ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ tún un ha." Ìdérí kan wà tí mo ha fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yíjú padà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí irin, ó fi òòlù fọ́ ọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ìka lásán á tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ ti mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe ń rí báyìí."

Ó tún máa ń fi oòrùn yẹ̀ ẹ́ wò. Á ní kí n di agolo mú, kí n dúró níta ní ọ̀sán títí àtẹ́lẹwọ́ mi á fi rin fún òógùn, kí n tó ṣe é. Idẹ tó ń gbọ́ràn nínú ṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ bí ẹja tí òógùn bá kàn án.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ìdọ̀bálẹ̀. Onídán ní Èkó gbọ́dọ̀ kí àgbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, tí wọ́n fún un ní nǹkan, á tún dọ̀bálẹ̀. Ohun tó bá fi pamọ́ sáàárín ìka tàbí sí ẹnu àpò, ibẹ̀ ló ti máa ń jábọ́. Àwọn tó ń ṣe irú nǹkan wọ̀nyí ní òkè òkun kò ronú kàn án rí, nítorí wọn kì í dọ̀bálẹ̀. Nítorí náà Ọ̀gá Ràímì ní òfin kan: ohun tí kò bá lè dọ̀bálẹ̀, kò tíì parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dọ̀bálẹ̀."

Mo dúró.

"Kì í ṣe èmi ni ẹ ń kí. Irin ọwọ́ yín ni ẹ ń dán wò."

"Ta ni mo wá ń kí?"

Ó wo yíká ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kí àga yẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún àga. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni mo fi dọ̀bálẹ̀ fún àga yẹn lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fẹ́ táyà ní iwájú wa yọjú wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá mi nílẹ̀ gbalaja. Ó wo àga, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni àga yìí ti jọba?" Ọ̀gá Ràímì, tí kì í rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, bọ́ síta kó tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà kan, atukọ̀ ojú omi kan mú àtàǹpàkò rọ́bà wá ta fún wa láti òkè òkun, èyí tí onídán ń kì bọ ìka láti fi nǹkan pamọ́. Gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé àwọn onídán ń lò ó, mi ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Pupa ni, bí ìka ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọ̀gá Ràímì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Ṣé àtàǹpàkò òyìnbó ni wọ́n fẹ́ kí n tà fún ọmọ Muṣin?" Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá aró tó bá àwọ̀ wa mu. Tíì la fi bẹ̀rẹ̀, a fi ìpara bàtà kún un, a sì tún rí i pé àwọ̀ Jídé àbúrò ìyàwó mi, àwọ̀ mi, àti ti ọ̀gá kò dọ́gba. Láti ìgbà náà, oníbàárà gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ ara rẹ̀ wá.

Ọmọ ìyá kan náà ni Jídé àti ìyàwó mi. Òun náà ń pidán, ọwọ́ rẹ̀ sì yá.

Nígbà tí mo gba òmìnira, ọ̀gá fún mi ní ìṣó irin kékeré kan. Ohunkóhun tí mo bá yẹ̀ wò tó dára, kí n lu àmì kan sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn mi. Nínú ìwé mi, màá kọ "Ó yege" tàbí "Kò yege". Ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà tí mi ò gbàgbé: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó dán kọ́ ni idán. Ohun tí a dán wò ni."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwa méjì ló ń yẹ nǹkan wò. Ní ìrọ̀lẹ́, màá gbé ohun tí mo ṣe lọ sílé. Àṣàkẹ́ á jókòó síwájú mi, aṣọ tó ń rán á wà lórí itan rẹ̀. Màá ṣe é fún un. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tan òun jẹ rárá ni, irú olùwòran tó sì dára jù nìyẹn.

"Mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èjìká yín sọ̀rọ̀."

Màá tún padà sórí fáìlì.

Àṣàkẹ́ kú ní ọdún 1991. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ní ọjọ́ keje, ó ní, "Ẹ bá mi mójú tó Jídé. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì í láwùjọ." Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dígí gígùn kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń wo aṣọ. Mo gbé e síbi tó máa ń jókòó sí. Láti ìgbà náà, iwájú dígí ni mo ti ń yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ọdún méje ni mo tún fi ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ha irin dé, ohun tí mò ń fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe di iṣẹ́ wákàtí méjì, tí iná bá wà. Nǹkan ike bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nínú ọ̀rá, méjìlá-méjìlá, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ onídán fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó fúyẹ́. Mi ò bú wọn. Ike kì í ké, ìyẹn dára. Àmọ́ ó máa ń rọ̀ nínú oòrùn. Ní ọdún 1998 ojú mi kò rí etí ìdérí dáadáa mọ́, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ náà tó mi jẹ, ó sì rán Ṣọlá ọmọ mi níwèé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ kò sí nínú gbogbo èyí. Ó wà nínú agolo kan, ní ọdún kejì tí ìyàwó mi ti lọ.

Atukọ̀ yẹn náà ló mú un wá. Agolo idẹ ni, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ó ń dán. Onídán á yá òrùka lọ́wọ́ olùwòran, á fi sínú rẹ̀, á pa á dé, á mì í kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohùn òrùka náà. Lẹ́yìn náà á gbé agolo fún olùwòran kó ṣí i fúnra rẹ̀. Kò ní sí òrùka níbẹ̀. Mo ní láti sọ ibi tí òrùka ń lọ, kí ìtàn yìí lè yé yín; kò sí ẹni tó ń lo agolo náà mọ́. Ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òrùka á ti yọ́ bọ́ sínú ọwọ́ ọ̀tún onídán nígbà tó ń mì í. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó máa wá fi gbé agolo fún olùwòran.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rí i. Èmi kò rí i.

A ṣe mẹ́fà bí ti òkè òkun gẹ́lẹ́. Mo yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú etí, mo yẹ̀ wọ́n wò nínú òógùn, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo dúró níwájú dígí, mo ṣe é lógún ìgbà. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n má wo ọwọ́ mi, ojú olùwòran ni kí n máa wò. Ojú dígí ni mò ń wò. Mo lu àmì mi sí abẹ́ gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ pé: ó yege. Mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ àwọn onídán ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan jẹ́ ti Jídé. Méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Jídé nílò rẹ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó. Òtẹ́lì kan ní Sùúrùlérè fẹ́ onídán tí á máa lọ láti tábìlì dé tábìlì ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Mánéjà ní kó wá kí àwọn wò ó. Tí àwọn oníbàárà bá fẹ́ràn rẹ̀, ó ti rí iṣẹ́ nìyẹn.

Mo bá a lọ. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Tábìlì méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Ó fi agolo náà ṣe é fún wọn, wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tábìlì kẹta jẹ́ ti bàbá àgbà kan tó wọ agbádá funfun, òun àti ìyàwó rẹ̀. Jídé dọ̀bálẹ̀. Nǹkan kan kò jábọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní òrùka yín. Mi ò ní sá lọ."

"Tí o bá sá, mo mọ mánéjà yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òrùka wọlé. Jídé mì í. "Ẹ ń gbọ́ ọ, sà? Ó ń pè yín." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá na agolo sí bàbá.

Bàbá kò wo agolo. Ọwọ́ ló ń wò.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Sà?"

"Mo ní kí ni mo fi ṣe ọ́, tí o fi ń na ọwọ́ òsì sí mi?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni."

"Ọlọ́wọ́ òsì náà máa ń tọrọ gáfárà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sìbọ́sí ká fi gbé nǹkan fún baba ẹni."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Jídé. Kò ronú. Àgbà bá a wí, ó ní "Ẹ máà bínú, sà," ó sì na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ṣí. Òrùka bọ́ sórí táìsì, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ agbáwo kan.

Obìnrin kan ní tábìlì kejì figbe ta. "Yéè! Ọwọ́ ẹ̀ ló wà!"

Ọkùnrin kan ní, "Onídán, ẹ tún un ṣe o! A ò rí i dáadáa!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Jídé he òrùka, ó nù ún mọ́ kóòtù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá. Mánéjà ti ń fi orí pè é. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Ó ní kó má wá mọ́.

Níta, Jídé kò wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó yege."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é."

"O ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó lọ. Mo dé ilé, mo dúró níwájú dígí, mo na agolo. Mo wá wo ẹni tó wà nínú dígí bí ẹni pé ènìyàn ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí mi. Ọwọ́ òsì mi di ọwọ́ ọ̀tún nínú dígí. Lógún ìgbà ló ti nà án sí mi, tí mò ń gbà pé ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ká ní Àṣàkẹ́ ló jókòó síbẹ̀ ni, agolo náà kò ní dé àárín ọ̀nà tí yóò fi gbá ọwọ́ mi. Èmi gan-an kò tiẹ̀ ní nà án. Iwájú ènìyàn ni ọwọ́ òsì ti ń tijú. Kì í tijú dígí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo béèrè ilé bàbá náà lọ́wọ́ agbáwo. Kò jìnnà. Mo bá a ní ìta ilé rẹ̀, ó ń gé èékánná. Mo kí i, mo ní èmi ni mo yẹ agolo àná wò, kí ó má fi àṣìṣe mi bínú sí ọmọ náà.

"Yẹ̀ ẹ́ wò báwo?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Èmi ni mò ń sọ pé nǹkan dára kó tó jáde."

Ó gbé abẹ sílẹ̀. "Èmi náà ṣe irú ẹ̀. Kòkó ni mo yẹ̀ wò fún ìjọba, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Ó tọ́ka sí àga, mo jókòó. "Ta lo fi dán an wò?"

"Dígí, sà."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dígí! Ṣé dígí ní baba ni?" Nígbà tó sinmi, ó ní, "Mo lu òǹtẹ̀ sí àpò kòkó kan nígbà kan, ó ti bu nísàlẹ̀. Òkè nìkan ni mo wò. Òjò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ sílé."

"Kí lẹ ṣe, sà?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ gbé e lọ." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màá lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Màá ní kí mánéjà pè é. Má sọ fún mi bí ó ṣe ń ṣe é o."

Ọ̀gá Ràímì kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní kí a gba mẹ́ta tó jáde padà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì ké."

"Wọ́n á ké."

"Tí a bá ń gba ọjà tí a tà padà, kí ni wọn á máa pe ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Ó ha irin díẹ̀. Ó ní, "Tí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ lórúkọ ara yín."

Mo ní, "Àmì mi ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Mi ò lè mú ọwọ́ òfìfo lọ bá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe agolo mẹ́rin tuntun, tí ihò wọn kọjú sí òdìkejì, kí òrùka lè bọ́ sí ọwọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún wà lófo fún àgbà. Ó rọrùn láti sọ. Ọwọ́ òsì kò mọ nǹkan pa mọ́, a ní láti mú ihò fẹ̀, kí a sì mú etí rẹ̀ kúnná. Lálaalẹ́ kọ́ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, ọ̀sán gangan ni, níwájú àwọn ènìyàn: ìyá àgbà tó ni ilé wa, àlùfáà tó wà ní òpópónà kejì, obìnrin tó ń ta òwú ìránṣọ. Ìyá onílé ní, "Bàbá Ṣọlá, mi ò mọ̀ pé ẹ lẹ́nu. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti wà nílé yìí, ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí." Ó ká mi mọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta kò rí nǹkan kan.

Jídé ní òun kò lọ. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ọmọ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀?"

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣe é níwájú mi."

Ó ṣe é. Ó tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo olè. Nígbà tó di ìgbà kẹwàá, òun ló ní, "Lọ jàre. Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú rẹ, mi ò rí i."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ wà ní tábìlì wọn, agbádá mìíràn ni bàbá wọ̀. Mánéjà dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Jídé dọ̀bálẹ̀. Bàbá bọ́ òrùka fúnra rẹ̀, kò dúró kí wọ́n tọrọ rẹ̀.

"Ó ti mọ ilẹ̀ níbí," ó ní. "Má jẹ́ kó tún lọ rìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ètè Jídé gbẹ. Ó mì agolo. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá wo ọwọ́ náà dáadáa kó tó wo agolo. Ó gbà á. Ó ṣí i. Ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n.

"Òrùka mi dà?"

Jídé ní kí màmá jọ̀ọ́ gbé àwo wọn sókè. Òrùka wà lábẹ́ rẹ̀.

"Èmi?" Ìyá fò dìde. "Mi ò kúrò lórí àga yìí o! Ẹ jẹ́rìí sí mi o!"

Ariwo ọjọ́ náà gba gbogbo ilé. Obìnrin tó figbe ta lọ́sẹ̀ tó kọjá dìde wá wo abẹ́ tábìlì. Mánéjà tú ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó lọ bá Jídé, mo sì gbọ́ tó ní, "Aago kan ni kí o máa dé. Má pẹ́." Jídé ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó wá mi wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó di èjìká mi mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo di agolo tuntun kan sínú ìnujú, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo bá onídán náà nílé rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Ì bá jẹ́ ọmọ bíbí inú mi ká ní mo tètè bímọ. Mo ní, "Agolo tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, mo ní ó yege. Kò yege. Èmi ni mo ṣì í wò."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní òun ń fẹ́ lò ó níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́jọ́bọ̀, níwájú gbogbo àwọn àgbà ìdílé àna òun. Ó wọlé, ó lọ mú ti àtijọ́ wá, mo sì gbé tuntun fún un. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá.